Ìrẹsì Ilẹ̀ Áfíríkà: Kò Yẹ Kó Kúrò Lóko

Láti ara ewé ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fa ewé ìrẹsì kan sẹ́yìn díẹ̀, níbi tó ti yà kúrò lára igi rẹ̀, ẹ ó rí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó nàró níbẹ̀. Lára ìrẹsì tí ọ̀pọ̀ jù lọ àgbẹ̀ ayé ń gbìn, awọ yìí gùn, ẹnu rẹ̀ sì ṣóńṣó. Irú ìrẹsì kejì wà tí awọ tirẹ̀ kúrú, tí ẹnu rẹ̀ sì rí roboto bí èékánná ọmọdé. Ẹ tún gbójú sókè wo ṣírí wọn. Ṣírí ti àkọ́kọ́ pẹ̀ka, àwọn ẹ̀ka náà tún pẹ̀ka, ó wá dorí kodò nítorí ẹrù wóró tó gbé. Ti èkejì nàró gangan, àwọn ẹ̀ka rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ pẹ̀ka mọ́. Èèpo rẹ̀ ń dán, kò nírun lára, ohun tí orúkọ Látìn rẹ̀, glaberrima, sì ń sọ gan-an nìyẹn. Bí a bá bó èèpo yìí kúrò, wóró tó máa yọjú sábà máa ń pupa.

Irú kejì yìí ni ìrẹsì ilẹ̀ Áfíríkà, Oryza glaberrima. Ó ti wà lóko àwọn èèyàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kí ọkọ̀ ojú omi òyìnbó kankan tó gúnlẹ̀ sí etíkun wa. Lónìí, díẹ̀díẹ̀ ló ń kúrò nílẹ̀. Láàárín àwọn Jola ní Casamance, lápá gúúsù Senegal, ibi ètùtù ni ọ̀pọ̀ ti ń rántí rẹ̀. Lórí àwọn òkè tó wà ní ààlà Ghana àti Togo, níbi tí ìrẹsì ti jẹ́ oúnjẹ àbáláyé, ìrẹsì Éṣíà ti gba ibi púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí mo wá sọ fún yín kò ju ẹyọ kan lọ: ìrẹsì yìí gbọ́dọ̀ máa wà lórí oko, lọ́wọ́ àgbẹ̀, kí owó ìjọba sì wà lẹ́yìn àgbẹ̀ tó ń gbìn ín, bí ọjà tilẹ̀ ń fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà lè dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ohun àtijọ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì máa fi ẹ̀rí gbè é lẹ́sẹ̀.

Ẹ̀yà ìrẹsì tó wà láyé lé ní ogún, ti inú igbó ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Méjì péré ni ọmọ aráyé sọ di ohun ọ̀gbìn. Àwọn ará Ṣáínà ló ṣe ti àkọ́kọ́, ní àfonífojì odò Yangtze, ní nǹkan bí ọdún 9,000 sẹ́yìn. Ti èkejì jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba ńlá àwọn èèyàn ibi tí odò Ọya ti ń tàn káàkiri ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ní orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Mali lónìí, ní nǹkan bí ọdún 3,000 sẹ́yìn. Ìwádìí àbùdá ìrẹsì tí wọ́n gbé jáde ní 2018 sì tún tọ́ka sí agbègbè yìí. Nínú ìrẹsì Éṣíà ni gbogbo ohun tí ayé mọ̀ sí oríṣiríṣi ìrẹsì ti jáde wá: basmati olóòórùn dídùn ti Íńdíà àti Pakistan, ìrẹsì jasmine ti Thailand, Koshihikari tí àwọn ará Jàpáánì fẹ́ràn, Arborio ti Ítálì, àti ìrẹsì alálẹ̀mọ́ ti Laos tí wọ́n máa ń fọwọ́ bù láti inú apẹ̀rẹ̀ kékeré bí ẹni bu òkèlè. Ohun kan tó wà nínú wóró náà, tí wọ́n ń pè ní amylose, ló ń pinnu bóyá ìrẹsì á lẹ̀ tàbí kò ní lẹ̀. Bí ó bá pọ̀, ìrẹsì á dá wà ní wóró kọ̀ọ̀kan nínú ìkòkò. Bí kò bá sí rárá, á lẹ̀ mọ́ra wọn. Ìdílé kan ṣoṣo nínú méjì ló bí gbogbo èyí, nítorí pé ó ti rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, ọ̀kẹ́ àìmọye àgbẹ̀ àti, láyé òde òní, owó ìwádìí tí kò kéré. Ìdílé kejì kò rí ìdá kan nínú irú àǹfààní bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan nínú wa máa ń rò pé òyìnbó ló mú ìrẹsì wá, ẹ̀rí wọn sì ni pé "ìrẹsì" jọ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Lóòótọ́ ni ọ̀rọ̀ tiwa ti ibẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n àwọn Bambara ń pè é ní malo, àwọn Hausa ń pè é ní shinkafa, kò sì sí èyí tó bá ti òyìnbó tan nínú méjèèjì. Bí orúkọ ṣe dé ẹnu wa yàtọ̀ sí bí irúgbìn ṣe dé ilẹ̀ Áfíríkà.

Ẹ jẹ́ kí n wá lọ sí ilẹ̀ Éṣíà, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kọ́ wa ti hàn kedere. Ní 1960, wọ́n dá ilé ìwádìí ìrẹsì àgbáyé, IRRI, sílẹ̀ ní Los Baños, ní orílẹ̀-èdè Philippines. Ìrẹsì ìgbà náà ga, bí wọ́n bá sì fún un ní ajílẹ̀ púpọ̀, ṣírí rẹ̀ á wúwo, gbogbo rẹ̀ á ṣubú lulẹ̀ kí ọjọ́ ìkórè tó pé. Àwọn onímọ̀ wá mú ìrẹsì gíga kan láti Indonesia tó ń jẹ́ Peta, wọ́n so ó pọ̀ mọ́ èyí kúkúrú kan láti Taiwan tó ń jẹ́ Dee-geo-woo-gen. Nínú àwọn ọmọ wọn ni IR8 ti jáde, tí wọ́n fi lé àgbẹ̀ lọ́wọ́ ní 1966. Nínú oko ìdánwò, ó mú nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 5 wá lórí hẹ́kítà kan láìsí ajílẹ̀; pẹ̀lú ajílẹ̀ àti ìtọ́jú, ó súnmọ́ tọ́ọ̀nù 10. Bẹ́ẹ̀ ìrẹsì àbáláyé kò fi bẹ́ẹ̀ ju tọ́ọ̀nù kan sí méjì lọ. Àwọn ọmọ tí ebi ì bá pa ní Éṣíà lákòókò yẹn yó nítorí iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá ń bu ẹnu àtẹ́ lù ú kò mọ ohun tí ebi ń jẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun tó tẹ̀ lé e ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Nígbà tí ìrẹsì tó jọra wọn bí ìbejì bá bo ilẹ̀ láti òréré dé òréré, kòkòrò tó bá ti mọ bí a ṣe ń jẹ ọ̀kan ti mọ bí a ṣe ń jẹ gbogbo wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, àrùn kan tí wọ́n ń pè ní tungro ba ìrẹsì jẹ́ ní Philippines. Kòkòrò kékeré aláwọ̀ ilẹ̀ kan tó máa ń fa omi ara ìrẹsì mu dojú kọ Indonesia. IRRI mú IR26 jáde ní 1973 láti dènà rẹ̀. Kò tó ọdún mélòó kan tí kòkòrò náà fi borí rẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì kan tó máa ń sọ ìrẹsì di ràrá bí koríko náà tún yọjú. Àwọn onímọ̀ yẹ oríṣi ìrẹsì tó lé ní 6,000 wò láti wá èyí tó lè dúró níwájú fáírọ́ọ̀sì yìí. Ẹyọ kan ni wọ́n rí. Ìrẹsì inú igbó ni, Oryza nivara, láti Uttar Pradesh ní Íńdíà, ohun tí àgbẹ̀ tó ń roko á fà tu gẹ́gẹ́ bí èpò. Gurdev Khush, onímọ̀ ní IRRI, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wọ inú IR36, tó jáde ní 1976, tó sì padà bo ilẹ̀ tó lé ní hẹ́kítà mílíọ̀nù mẹ́wàá. Ẹ fojú inú wo ìwọ̀n náà: koríko kan láti igbó kan, àti oúnjẹ orílẹ̀-èdè púpọ̀.

Ìrẹsì kan wà ní Odisha, ní ìlà-oòrùn Íńdíà, FR13A lorúkọ rẹ̀. Kì í so púpọ̀, wóró rẹ̀ kò sì wu ọjà. Ohun kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n ṣe: bí ìkún omi bá bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá, kì í kú. Ìrẹsì mìíràn tí omi bò máa ń sáré dàgbà láti wá afẹ́fẹ́, á lo okun rẹ̀ tán, á sì rà. FR13A máa ń dákẹ́ sábẹ́ omi, á fi okun pamọ́, bí omi bá fà lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í rú. Ní 2006, àwọn onímọ̀ sọ ní gbangba pé àwọn ti rí àbùdá tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Wọ́n sì mú un wọ inú Swarna, ìrẹsì kan tí àgbẹ̀ Íńdíà fẹ́ràn púpọ̀. Ní 2009, Swarna-Sub1 dé oko. Bí àwọn àgbẹ̀ Odisha bá ti ju FR13A nù nítorí pé kò so dáadáa, ibo ni à bá ti rí i?

Jàpáánì náà jẹ irú ìyà kan ní 1993. Òtútù mú ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà ju bó ṣe yẹ lọ, Sasanishiki, tí wọ́n gbìn káàkiri àríwá ìlà-oòrùn nítorí adùn rẹ̀, kò sì lè fara dà á. Orílẹ̀-èdè tó ti ń fi ìrẹsì tirẹ̀ yangàn wá ń ra ìrẹsì láti Thailand.

Ohun tí mo rí fà yọ nínú àwọn ìtàn wọ̀nyí ni pé ìwúlò ìrẹsì kò ṣeé fi iye owó rẹ̀ lọ́jà lónìí wọ̀n. Ìṣòro tí ń bọ̀ ló ń sọ èyí tó wúlò, kò sì sí ẹni tó mọ ìṣòro tí ń bọ̀. Ìdí nìyí tí ìrẹsì ilẹ̀ Áfíríkà fi ṣe pàtàkì jù lọ sí wa. Ilẹ̀ wa ni ó ti dàgbà, òun ló mọ àwọn ọ̀tá tó wà níbí. Ewé rẹ̀ fẹ̀, ó máa ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, tí yóò fi bo ilẹ̀ mọ́ èpò lójú kí èpò tó rí oòrùn. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi ọkọ́ tu èpò lóko ìrẹsì mọ ohun tí ìyẹn tọ́ sí fún obìnrin tó ń dá roko. Àwọn kan nínú rẹ̀ fara da ọ̀dá, àwọn kan fara da àkùrọ̀ tí irin pọ̀ jù nínú ilẹ̀ rẹ̀, àwọn kan ń dúró níwájú fáírọ́ọ̀sì tó máa ń sọ ewé ìrẹsì di aláwọ̀ ìyeyè, ìyẹn àrùn ilẹ̀ Áfíríkà tí kò sí ní Éṣíà. Irú rẹ̀ kan wà ní Mali àti ní fádámà odò Sókótó àti Rima ní Nàìjíríà níbí tó máa ń ga pẹ̀lú omi bí omi ṣe ń kún, tí ṣírí rẹ̀ ń léfòó, tí wọ́n sì lè wọ ọkọ̀ ojú omi lọ kórè rẹ̀.

Ẹni tó ń gbọ́ mi á ní: ṣé a kò ti jẹ àǹfààní yìí tán? NERICA ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni. Ní àwọn ọdún 1990, ní ilé ìwádìí WARDA ní Côte d'Ivoire, Monty Jones, ọmọ Sierra Leone, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ rò pé kò ṣeé ṣe. Wọ́n so ìrẹsì Áfíríkà pọ̀ mọ́ ti Éṣíà, NERICA sì ni wọ́n pe àwọn ọmọ tó jáde níbẹ̀. Ọmọ tí ìdàpọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń bí sábà máa ń yàgàn, wọ́n ní láti yọ ọlẹ̀ inú èso náà kó tó kú, kí wọ́n tọ́ ọ nínú ìgò, kí wọ́n sì tún dá a padà sọ́dọ̀ ìrẹsì Éṣíà kó tó lè so. Jones gba ẹ̀bùn oúnjẹ àgbáyé ní 2004, òun àti Yuan Longping ará Ṣáínà. WARDA kó lọ sí Cotonou ní 2005, ó sì di AfricaRice ní 2009. Ní Nàìjíríà, níbi tí wọ́n ti ń fi orúkọ FARO pe ìrẹsì tí ìjọba bá fọwọ́ sí fún àgbẹ̀, NERICA 1 ló di FARO 55. Iṣẹ́ ńlá ni, mo yìn ín tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo inú rẹ̀ dáadáa. NERICA ti orí òkè, 18 ni wọ́n. CG14, ẹyọ ìrẹsì kan láti Casamance, ni ìrẹsì Áfíríkà tó wà nínú ìran gbogbo wọn. Bí wọ́n sì ti ń dá ọmọ padà sọ́dọ̀ ìrẹsì Éṣíà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ CG14 ń dín kù. Ẹ̀bùn tí a rí gbà láti inú ilé náà, ẹnu ọ̀nà la ti gbà á. A kò tíì wọlé.

Àtakò tó le jù ni ti ebi. Wọ́n á ní Nàìjíríà kún fún ẹnu tó ń jẹun, ìrẹsì Áfíríkà kò sì so tó. Òótọ́ ni. Bí ó bá gbó, wóró rẹ̀ máa ń gbọ̀n dànù sílẹ̀; bí a bá fún un ní ajílẹ̀ púpọ̀, ó máa ń ṣubú; bí a bá gbé e sẹ́nu ẹ̀rọ, wóró rẹ̀ máa ń kán. N kò sọ pé kí àgbẹ̀ tó ní omi àti ajílẹ̀ ní fádámà pa FARO 44 tì. Taiwan ni FARO 44 ti wá, ó sì ń ṣe wá lóore. Ohun tí mo ń sọ ni pé oko tí a fi ń wọn ìrẹsì kì í ṣe oko tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ wa ní. Oko ìdánwò ní ajílẹ̀, ó ní omi, ó ní ẹni tó ń tu èpò lásìkò. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2013 kó ìrẹsì tí àgbẹ̀ fúnra wọn ń gbìn jọ ní orílẹ̀-èdè mélòó kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó sì rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn, ti ilẹ̀ Áfíríkà pàápàá, ń dúró gbọn-in níbi tí ilẹ̀ ti burú tí kò sì sí ìrànlọ́wọ́ kankan. Fún ẹni tí kò ní owó ajílẹ̀, ìrẹsì tó so díẹ̀ ní gbogbo ọdún sàn ju èyí tó so púpọ̀ lọ́dún kan, tó sì kú lọ́dún kejì. Ebi kì í wo ìpíndọ́gba ọdún márùn-ún. Ọdún kan tí oko bá kùnà ló ń mú kí èèyàn ta ilẹ̀.

Àwọn mìíràn á ní: ó dáa, ẹ kó irúgbìn náà sí ilé ìpamọ́, kí àgbẹ̀ máa gbin ohun tó ń mówó wá. IRRI nìkan tọ́jú oríṣi ìrẹsì tó lé ní 120,000 sínú òtútù. Ó dára kó wà bẹ́ẹ̀, mo sì fẹ́ kó pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ilé ìpamọ́ kì í ṣe àpáta. Ilé ìpamọ́ irúgbìn ti orílẹ̀-èdè Philippines, ní Los Baños kan náà, omi ìjì líle wọ inú rẹ̀ ní 2006. Ní 2012, iná tún jó o. Èyí kọ́ ló sì jẹ mí lógún jù. Irúgbìn tó wà nínú òtútù ń sùn ni. Àgbáyé ń yí padà, òun kò mọ̀. Ní 2009, àwọn onímọ̀ kéde ohun kan tó yà wọ́n lẹ́nu: nínú oko àwọn àgbẹ̀ ní Sierra Leone àti àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mìíràn, wọ́n rí àwọn ìrẹsì tí àyẹ̀wò àbùdá fi hàn pé wọ́n jẹ́ ọmọ ìdàpọ̀ ìrẹsì Áfíríkà àti ti Éṣíà. Kò sí ilé ìwádìí tó bí wọn. Àwọn méjèèjì wà nínú oko kan náà, atẹ́gùn gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó láti ara ọ̀kan sí èkejì, àgbẹ̀ tó lójú rí ṣírí kan tó yàtọ̀, ó sì tọ́jú rẹ̀ dá irúgbìn ọdún tó ń bọ̀. Iṣẹ́ tí Jones fi ìgò ṣe, oko ti ń ṣe é lọ́wọ́ ara rẹ̀, láìròyìn. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀ nínú fìríìjì.

Ẹ tún rántí àwọn tó sá kúrò lóko ẹrú ní Suriname, tí wọ́n lọ dá ìlú sílẹ̀ nínú igbó. Ìtàn tí àwọn ọmọ wọn ń sọ ni pé àwọn obìnrin ló fi wóró ìrẹsì pamọ́ sínú irun orí tí wọ́n dì. Àwọn onímọ̀ rí ìrẹsì ilẹ̀ Áfíríkà gan-an nínú oko wọn, wọ́n yẹ àbùdá rẹ̀ wò, ní 2016 wọ́n sì kéde pé èyí tó sún mọ́ ọn jù wà ní ìwọ̀-oòrùn Côte d'Ivoire. Títí di òní, àwọn oríṣi ìrẹsì kan wà ní Suriname tó ń jẹ́ orúkọ obìnrin tó gbé wọn wá. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún méjì tí wọ́n fi ń gbìn ín, tí wọ́n ń kórè, tí wọ́n ń gún un nínú odó, tí wọ́n sì ń ya irúgbìn sọ́tọ̀, láìsí iná mànàmáná.

Ó ku ìbéèrè tó tọ́ jù lójú tèmi: kí ló dé tí àgbẹ̀ tálákà ni yóò máa ru ẹrù yìí fún gbogbo wa? Kò yẹ kó rù ú lọ́fẹ̀ẹ́. Níbí ni ìrẹsì Ọ̀fàdà ti ní ohun tó lè kọ́ wa. Ọ̀fàdà, ìlú tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ló fún un lórúkọ, ṣùgbọ́n orúkọ ọjà ni, kì í ṣe orúkọ irúgbìn kan ṣoṣo. Nínú ohun tí wọ́n ń tà lórúkọ Ọ̀fàdà, ìrẹsì Éṣíà pọ̀, títí kan OS6 tó wá láti Kóńgò, tí wọ́n sọ ní FARO 11. Síbẹ̀, ẹ wo bí ọjà ṣe ṣe sí i. Wóró rẹ̀ kúrú, ó pọ́n rúsúrúsú, ó sì ní òórùn tí rírẹ̀ sínú omi kí wọ́n tó bọ̀ ọ́ fún un, òórùn tí àwọn kan ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ rí. Lónìí, wọ́n ń pọ́n ọn sínú ewé eéran, wọ́n ń bu ọbẹ̀ ayamáṣe olírú lé e, èèyàn ń san owó tó ju ti ìrẹsì òkè òkun lọ láti jẹ ẹ́ nínú àwọn òde àríyá. Kò sí ẹni tó fi òfin mú wọn. Adùn àti orúkọ ló ṣe é. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé ọjà kò ní ra ìrẹsì pupa láé ti gbàgbé ohun tó wà lórí àwo rẹ̀. Ewu kan wà níbẹ̀, n kò ní fi pamọ́: orúkọ lè máa tà kí irúgbìn máa kú lábẹ́ rẹ̀, torí oníṣòwò lè da ìrẹsì èyíkéyìí sínú àpò kan náà. Orúkọ tí kò so mọ́ irúgbìn kò lè dáàbò bo irúgbìn.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Kí àwọn ilé ìwádìí wa, títí kan èyí tó wà ní Badeggi, ní Ìpínlẹ̀ Niger, fi owó lélẹ̀ fún àgbẹ̀ tó bá gbin ìrẹsì Áfíríkà sí apá kan oko rẹ̀, kí wọ́n sì ra irúgbìn lọ́wọ́ rẹ̀ ní iye tó bójú mu. Apá kan oko ni mo wí, ìyókù jẹ́ ti FARO tó bá wù ú. Kí orúkọ tí wọ́n bá fi tà á lọ́jà jẹ́ ti irúgbìn náà gan-an. Kí wọ́n sì kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà, pàápàá àwọn obìnrin, tó ṣì mọ èyí tó yẹ fún orí òkè àti èyí tó yẹ fún omi, èyí tí a ń bọ̀ àti èyí tí a ń gún ní tútù. Owó tí èyí máa gbà kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí à ń ná lórí ìrẹsì òkè òkun.

Àsìkò ló jẹ mí lógún jù. Wóró ìrẹsì tó wà nínú àpò lábẹ́ àjà, nínú ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa, kì í pẹ́ kó tó kọ̀ láti hù. Àgbẹ̀ tó bá fi bí ọdún mẹ́ta sílẹ̀ láìgbin tirẹ̀ lè má rí i gbìn mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àpò náà ṣì kún. Àwọn tó ní irúgbìn yìí lọ́wọ́ ń dàgbà, àwọn ọmọ wọn sì ń béèrè FARO. Ètò yòówù tí a bá máa ṣe, ìrẹsì náà ní láti wọ ilẹ̀ ní òjò tó ń bọ̀ yìí.